Iṣẹ́ Ọba Kì í Tán: Ìtàn Madagásíkà láti Ayé Vazimba dé Ayé Faransé

Ibi tí òkun ti fún jù lọ láàárín Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà kò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá wo àwòrán ayé á rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ará erékùṣù ńlá náà ti sọdá. Èdè wọn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn bẹ́ẹ̀. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ láti àríwá dé gúúsù, bó tilẹ̀ ní ẹ̀ka lóríṣiríṣi, ọmọ ìyá sì ni òun àti èdè àwọn Maanyan tó ń gbé létí odò Barito ní erékùṣù Borneo, lọ́hùn-ún ní òdìkejì òkun Íńdíà, níbi tó lé ní 6,000 kìlómítà sí Madagásíkà. Otto Christian Dahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló to ẹ̀rí rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1951, àwọn onímọ̀ èdè sì ti gbà fún un.

Ọkọ̀ onígi ni àwọn ará Éṣíà yẹn gbé wá, irú èyí tí wọ́n ń so igi mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn apẹja Vezo ní etíkun ìwọ̀-oòrùn títí dòní. Wọ́n kó ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò dání. Àwọn ọmọ Bàǹtú náà sọdá láti Áfíríkà, wọ́n da màlúù oníké wá, ìdí nìyí tí orúkọ màlúù, ajá àti adìẹ nínú èdè Málágásì fi jẹ́ ti Bàǹtú nígbà tí èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ ti Éṣíà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe láyé òde òní kò ta ko èyí: ìran méjèèjì wà lára wọn, ti Áfíríkà pọ̀ sí i létíkun, ti Éṣíà pọ̀ sí i lórí òkè.

Ìgbà tí wọ́n dé ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan rí egungun ẹranko tó ní ojú àpá bíi ti ọ̀bẹ, wọ́n ní ènìyàn ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní ojú àpá yẹn kò dá àwọn lójú, pé ìletò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò ṣáájú nǹkan bí ọdún 500 sí 800 lẹ́yìn Jésù. Èmi fara mọ́ àwọn ìgbẹ̀yìn yìí, nítorí ọdẹ tó bá kọjá lọ kò tíì dá ìlú sílẹ̀.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá ni àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ti ń ti etíkun Swahili àti Kòmórò wá ná ọjà ní àríwá. Ìlú Mahilaka tí wọ́n fi òkúta mọ odi yí ká, àti Iharana ní apá ìlà-oòrùn, ni ojúkò òwò wọn. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn, àwọn Antemoro fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Málágásì sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní sorabe, wọ́n sì ní láti Mẹ́kà ni baba ńlá àwọn ti wá. Àwọn òpìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kòmórò tàbí etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti ṣí wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Lámúrúdu nílẹ̀ wa á mọ bí ọ̀nà Mẹ́kà ṣe máa ń gba inú ìtàn ìran kọjá.

Ọwọ́ àwọn Antemoro yìí náà ni sikidy ti tàn kálẹ̀. Awo tí wọ́n ń pè ní ombiasy á bu èso igi fano, á máa tò ó ní oókan tàbí eéjì-eéjì sórí ìlà mẹ́rin títí yóò fi ní ojú, mẹ́rìndínlógún sì ni gbogbo ojú tó lè yọ. Babaláwo tó bá jókòó tì í á rí ohun tó mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá tó ń tẹ yanrìn ni sikidy ti wá, àwọn kan sì ka Ifá mọ́ ẹbí náà. Ẹnu babaláwo àti ẹnu wọn kò kò lórí ti Ifá, n kò sì ní dá sí i níbí.

Àárín erékùṣù, lórí òkè tó ga ju 1,000 mítà lọ, ni ìtàn yìí yóò ti pẹ́ jù. Àtẹnudẹ́nu ní àwọn Vazimba ló kọ́kọ́ ni ibẹ̀: ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, wọn kò mọ irin rọ, amọ̀ ni ẹnu ọ̀kọ̀ wọn. Títí dòní ni àwọn kan ń bọ sàréè wọn. Àmọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn kò rí ẹ̀yà àràrá kankan nínú ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ìletò àwọn Málágásì bíi ti àwọn tó dé lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó tètè tẹ̀dó, tí àwọn àtọ̀húnrìnwá borí, ni ìtàn sọ di kúkúrú. Àwọn àtọ̀húnrìnwá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Vazimba, síbẹ̀ wọn kò yéé bẹ̀rù wọn.

Ọmọ Vazimba ni Andriamanelo tó ṣẹ́gun Vazimba. Ayaba ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìtàn kan pè é ní Rangita, àwọn mìíràn ní Rafohy. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Hova, ọ̀kan nínú àwọn àtọ̀húnrìnwá náà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó fi Alasora ṣe ibùjókòó, ọ̀kọ̀ onírin ló sì fi lé àwọn ará ìyá rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ralambo ọmọ rẹ̀ ló sọ ìjọba náà ní Imerina. Ìtàn ní òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹran màlúù ṣeé jẹ: ó rí òkú màlúù tí iná ń jó, òórùn rẹ̀ ta sánsán sí i, ó tọ́ ọ wò. Awalẹ̀pìtàn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí egungun màlúù tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ fún ọ̀rúndún mélòó kan ṣáájú Ralambo. Ohun tí mo rò pé ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìgbà rẹ̀ ni ẹran màlúù di ti ọba, tí pípa á níbi ọdún ìwẹ̀ ọba, Fandroana, di ohun tí ọba ń pàṣẹ.

Ìwé tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wọ̀nyí wà ni Tantara ny Andriana. Àlùfáà Àgùdà ọmọ Faransé kan, François Callet, ló gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Imerina, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 1873. Ìwé ńlá ni, kò sì sí òpìtàn tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Imerina ń jọba lé àwọn ẹlòmíràn lórí ni wọ́n kó o jọ, ohùn aláṣẹ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹrú tí wọ́n tà sí òkè òkun kò rí ẹni gba ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 1610, Andrianjaka ọmọ Ralambo gba òkè Analamanga lọ́wọ́ Vazimba, ó fi ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ṣọ́ ọ, ìlú náà sì di Antananarivo. Ìsàlẹ̀ òkè náà ni mo fẹ́ kí a wò. Irà ni, Betsimitatatra, tí odò Ikopa máa ń kún bò. Tí wọ́n bá lè fa omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n mọ ògiri amọ̀ sí etí odò, kí wọ́n la ipa omi gba àárín rẹ̀, ìrẹsì tí yóò ti ibẹ̀ jáde á bọ́ ìlú ńlá. Ọwọ́ ìdílé kan kò ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti abúlé kan pàápàá kò ká a. Ẹni tó bá lè pe ènìyàn jáde ló lè gbẹ irà. Ẹni tó gbẹ irà ló ní oúnjẹ, ẹni tó ní oúnjẹ ló sì lè kó ogun jọ. Orí èyí ni ìjọba Imerina dúró lé. Fanompoana ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọba náà. Lákọ̀ọ́kọ́, paṣípààrọ̀ ni: ará ìlú á fún ọba ní agbára apá, ọba á fún wọn ní ìbùkún àwọn baba ńlá àti ilẹ̀ ìrẹsì. Bí paṣípààrọ̀ yẹn ṣe bàjẹ́ ló gbé ìtàn Madagásíkà dé ibi tó dé.

Àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ará etíkun ló lágbára ju àwọn olókè lọ. Diogo Dias ọmọ Pọtogí ti fojú kan erékùṣù náà ní oṣù kẹjọ 1500. Faransé kọ́ ilé ìṣọ́ Fort-Dauphin sí gúúsù ní 1643. Étienne de Flacourt tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀ kọ ìwé pàtàkì nípa ilẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ ní 1658, ṣùgbọ́n ibà àti ìjà pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbérí, wọ́n sì kó kúrò ní 1674. Òwò ló ṣe ohun tí ilé ìṣọ́ kò lè ṣe. Òyìnbó fẹ́ ẹrú, ìrẹsì àti màlúù. Ọba tó bá ní wọn á gba ìbọn. Bí àwọn Sakalava ṣe gba gbogbo ìwọ̀-oòrùn nìyẹn. Andriandahifotsy dá Menabe sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ rẹ̀ Andriamandisoarivo lọ sí àríwá, ó dá Boina sílẹ̀. Àwọn Sakalava kì í jẹ́ kí ọba wọn kú tán: wọ́n ń tọ́jú egungun àti irun rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ látìgbàdégbà, ọba tó ti kú á sì máa gun àwọn ẹlẹ́gùn-ún, á máa gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ sí ọ̀ràn ìlú.

Ní ìlà-oòrùn, àwọn ọlọ́ṣà orí omi láti Yúróòpù sọ erékùṣù Sainte-Marie di ibùba wọn ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Wọ́n fẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n bímọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Ratsimilaho, so àwọn ìlú kéékèèké etíkun pọ̀ láti nǹkan bí 1712, wọ́n di Betsimisaraka. Ta ni bàbá rẹ̀? Àwọn kan ní Thomas Tew, àwọn kan ní Thomas White, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ọlọ́ṣà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Nicolas Mayeur, oníṣòwò Faransé, kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn Ratsimilaho tí ìṣọ̀kan náà fi tú, nítorí òwò ẹrú fún Île de France àti Bourbon (Mauritius àti Réunion òde òní) mú kí olóyè kọ̀ọ̀kan máa wá ìbọn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lórí òkè, Andriamasinavalona kó Imerina jọ tán ló tún pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Ogun abẹ́lé ni wọ́n fi ọ̀rúndún kejìdínlógún jà. Ebi dé, nítorí ogun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ògiri irà ṣe. Inú èyí ni Andrianampoinimerina ti jáde ní Ambohimanga, ní nǹkan bí 1787, lẹ́yìn tó lé arákùnrin ìyá rẹ̀ kúrò lórí oyè. Ó gba Antananarivo, ó so Imerina pọ̀, ó tún àwọn ògiri omi ṣe, ó pín ilẹ̀ ìrẹsì fún àwọn ẹbí, ó dá ọjà sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ọba lé fokonolona, ìyẹn àwùjọ abúlé, lọ́wọ́. Àtẹnudẹ́nu fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: bàbá àwọn tálákà ni, òun ló pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé òkun ni kó jẹ́ ààlà oko ìrẹsì rẹ̀. Ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó sọ ohun tí Tantara fẹ́ẹ̀ má sọ rárá, pé ẹrú tí wọ́n ń kó nínú ogun wọ̀nyẹn ni wọ́n ń dà lọ sí etíkun, tí wọ́n sì fi ń ra ìbọn tí ọba fi ń ṣẹ́gun. Kò sí irọ́ nínú ìtàn méjèèjì. Ẹni tí ọba fún ní ilẹ̀ àti ẹni tí ọba tà kò lè sọ ìtàn kan náà.

Radama ọmọ rẹ̀ jọba ní 1810. Ní 1817, Robert Farquhar tó jẹ́ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Mauritius bá a ṣe àdéhùn: kí Radama fòpin sí títa ẹrú sókè òkun, kí Gẹ̀ẹ́sì máa fún un ní ìbọn, ẹ̀tù, aṣọ sójà àti owó lọ́dọọdún, kí wọ́n sì pè é ní ọba Madagásíkà. Ire ẹrú nìkan kọ́ ni Farquhar ń wá, ó fẹ́ dí ojú òwò Faransé. Àwọn ajíhìnrere London Missionary Society dé, ọmọ Wales ni àwọn méjì àkọ́kọ́, David Jones àti Thomas Bevan. Ibà pa Bevan àti ẹbí àwọn méjèèjì létíkun. Jones gun òkè lọ bá ọba ní 1820. Ní 1823 wọ́n yan lẹ́tà òyìnbó fún kíkọ èdè náà, ìyẹn ni wọ́n sì ń lò títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àdéhùn yẹn fà nílé. Owó ẹrú tí wọ́n fi ń ra ìbọn ti dá. Ẹrú tí wọn kò lè tà mọ́, wọ́n kó wọn sí oko. Àwọn ọmọ onílé wá di sójà, láìsí owó oṣù, ìyàwó àti òbí wọn ló sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. Ní 1822, Radama gé irun rẹ̀ bíi ti òyìnbó, ó ní kí àwọn sójà gé tiwọn. Irun gígùn tí wọ́n dì ni ọkùnrin Imerina ń ṣe, ìyá àti ìyàwó ló sì ń dì í fún wọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin kóra jọ, wọ́n ránṣẹ́ sí ọba pé ó ti di ẹrú òyìnbó, àti pé kó dá àwọn ọmọ wọn padà fún wọn. Radama ní kí wọ́n pa àwọn aṣáájú wọn. Ìwé òyìnbó sọ ọ́ bí ìjà lórí irun. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni apá àwọn ọmọ ni mo rí níbẹ̀.

Radama kú ní 1828, ìyàwó rẹ̀ Ranavalona kìíní gba ìjọba, ó sì lò ó fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí àwọn òyìnbó ṣe kọ ìtàn rẹ̀, pàápàá Ida Pfeiffer tí wọ́n lé jáde ní 1857 lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ kan tú, wèrè tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ òpìtàn Málágásì, òun ló gba ilẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn mìíràn ń pàdánù tiwọn. Ó lé àwọn ajíhìnrere lọ ní 1835 àti 1836. Ní 1837 wọ́n gún Rasalama lọ́kọ̀ pa nítorí ẹ̀sìn Jésù, ní 1849 wọ́n ti àwọn mìíràn láti orí àpáta sísàlẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń gbàdúrà sí baba ńlá òyìnbó ti kọ baba ńlá ọba, ẹni tó bá sì kọ baba ńlá ọba, kí ló kù tí yóò mú un jáde síṣẹ́ ọba? Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jùmọ̀ kọlu Toamasina ní 1845, ọwọ́ wọn kò tẹ ìlú náà. Àwọn Málágásì gbé orí àwọn òyìnbó tó kú kọ́ igi létíkun.

Májèlé ìbúra kan tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ nígbà ayé rẹ̀ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Èso tangena ni. Wọ́n á fún ẹni tí wọ́n fura sí ní awọ adìẹ mẹ́ta gbé mì, wọ́n á fún un mu nínú èso náà tí wọ́n ti họ sómi, wọ́n á fún un ní omi ìrẹsì mu kó lè bì. Bí awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde, ó mọ́. Bí ọ̀kan kò bá jáde, ẹjọ́ ti dá. Iye tó kú nípa rẹ̀ yàtọ̀ gan-an láti ìwé dé ìwé, nítorí àwọn ọ̀tá ayaba ló kà á jù.

Ayaba yìí kò kọ irin òyìnbó. Jean Laborde, ọmọ Faransé tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ní 1831, dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ fún un ní Mantasoa, wọ́n ń rọ ìbọn àgbá níbẹ̀, wọ́n ń ṣe gíláàsì, ọṣẹ àti ẹ̀tù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n fi iṣẹ́ ọba kó síbẹ̀, wọn kò sì fún wọn ní kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n lé Laborde lọ ní 1857, àwọn òṣìṣẹ́ pa ibẹ̀ tì. Òpìtàn Gwyn Campbell ní iṣẹ́ àfipáṣe yìí gan-an ló jẹ ìjọba náà láti inú, kí Faransé tó dé. Mo rò pé ó tọ̀nà ju àwọn tó ń fi gbogbo ẹ̀bi sórí òyìnbó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù òyìnbó ló jẹ́ kí ayaba máa wá àgbá.

Radama kejì, ọmọ ayaba náà tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fọwọ́ sí ìwé tó fún Lambert ọmọ Faransé ní ilẹ̀ àti ohun àmúṣọrọ̀ tó pọ̀ kọjá ààlà. Ní oṣù karùn-ún 1863, àwọn ìjòyè fi aṣọ sílíkì fún un lọ́rùn, kí ẹ̀jẹ̀ ọba má baà kan ilẹ̀. Ìwé ìjọba ní ó kú. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé láti ìwọ̀-oòrùn pé ó jí kí wọ́n tó sin ín, pé ó wà láàyè, ó ń kó ènìyàn jọ. Òǹkọ̀wé Faransé kan, Raymond Delval, ṣì gbèjà ìtàn náà ní ọ̀rúndún ogún, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tó gbà á kò pọ̀.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ olórí ìjọba ni agbára wà. Rainilaiarivony gba ipò náà ní 1864, ó fẹ́ ayaba mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1869 òun àti Ranavalona kejì ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì dáná sun àwọn sampy, ìyẹn àwọn oògùn ńlá tó ń ṣọ́ ìlú. Ó dá àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Mòsáńbíìkì sílẹ̀ ní 1877, ó ṣe ìwé òfin tó ní abala 305 ní 1881. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín nílùú òyìnbó. Ní abúlé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, orúkọ náà ni wọ́n fi ń pè é síṣẹ́ ọba. Oníwàásù ni aláṣẹ, ará ìlú ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá Faransé jà ní 1883 sí 1885, Faransé ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá fráǹkì, ó sì gba èbúté Diego-Suarez. Láti rí owó yìí, wọ́n ń fipá kó ènìyàn lọ wa wúrà. Àwọn mìíràn sá wọgbó, wọ́n di jàǹdùkú.

Ní oṣù kẹjọ 1890, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní London, wọ́n pín ohun tí kì í ṣe tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ti Faransé ni Madagásíkà, Faransé gbà pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni Zanzibar. Àdéhùn yẹn náà ló fa ìlà láti Say lórí odò Ọya dé adágún Chad, tí ààlà àríwá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní Antananarivo, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni ní Sókótó.

Ìtàn ní Radama kìíní máa ń sọ pé ọ̀gágun méjì ni òun ní tí òyìnbó kò lè ṣẹ́gun: Hazo, igbó, àti Tazo, ibà. Ní 1895, Ọ̀gágun Duchesne kó nǹkan bí 15,000 ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Mahajanga. Ẹgbẹ́ tí Faransé ń pè ní Hausa, tí wọ́n kó jọ ní Dahomey, wà lára wọn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ onírin wá fún ẹrù, kẹ̀kẹ́ sì ń fẹ́ títì. Sójà òyìnbó bá ń fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà nínú irà àti ẹ̀fọn. Tazo ṣiṣẹ́ rẹ̀: ó lé ní 5,000 ènìyàn tó kú nínú àwọn ọmọ ogun náà, ìbọn kò sì pa tó 30 nínú wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun Imerina kò dúró jà. Iṣẹ́ ọba ti sú wọn, wọn kò gba owó, àwọn ọ̀gá wọn ń ta ìsinmi fún wọn. Duchesne fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó kó díẹ̀ tó lè rìn, ó gun òkè. Ní 30 oṣù kẹsàn-án, àgbá mélòó kan bọ́ sí ààfin, ìlú sì túúbá.

Ìgbà tí ìlú túúbá ni ogun tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1895, àwọn ará ìgbèríko tó fi erùpẹ̀ pupa pa aṣọ wọn, àwọn Menalamba, dìde. Ìwé Faransé pè wọ́n ní olè. Ohun tí wọ́n sun ló sọ ẹni tí wọ́n jẹ́: wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sun ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pa oníwàásù, wọ́n sì gbé sampy padà. Àwọn òpìtàn kan pè é ní ogun òmìnira, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Rainilaiarivony náà ni wọ́n ń bá jà. Faransé sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹjọ 1896, ó dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì rán Ọ̀gágun Gallieni wá. Gallieni yìnbọn pa ìjòyè Rainandriamampandry àti ọmọ ọba Ratsimamanga ní oṣù kẹwàá, láti fi dẹ́rù ba àwọn tó kù. Ẹ̀rí pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1897 ó gbé Ranavalona kẹta lọ sí Réunion. Algiers ni ayaba náà kú sí ní 1917. Ní Menabe, àwọn sójà Faransé pa Toera ọba Sakalava pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ambiky, lọ́dún 1897 kan náà.

Faransé ní àwọn wá tú ẹrú sílẹ̀. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ ọba náà mọ́wọ́. Gallieni bu owó orí lé gbogbo ọkùnrin, kí ẹni tí kò ní owó lè lọ bá òyìnbó ṣiṣẹ́. Ọ̀nà mọ́tò àti ojú irin tó ti Antananarivo dé etíkun ìlà-oòrùn ní 1913, agbára apá ará ìlú ni. Ní 1926, Gómìnà Olivier dá SMOTIG sílẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bá yàn fún sójà tí wọn kò mú wọṣẹ́ ogun, wọ́n á fi kọ́ ọ̀nà. Fanompoana ni ará ìlú ń pe gbogbo rẹ̀, wọn kò wá orúkọ tuntun fún un.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ gúúsù, àwọn Antandroy kò ní irà, kò sì sí ọba tó borí wọn. Ẹ̀gún ọrọ́ tí wọ́n ń pè ní raketa ni odi wọn, èso rẹ̀ ni oúnjẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ ni màlúù ń mu. Ní 1924, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n kó wọ erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ raketa, láàárín ọdún mélòó kan kò ku nǹkan kan. Màlúù kú, ènìyàn kú, àwọn tó kù ṣí lọ wá iṣẹ́ oko òyìnbó. Àwọn àgbà Antandroy ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, kí Faransé lè wó odi wọn kí ó sì rí òṣìṣẹ́. Ìwé ìjọba kò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kan wà tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba nígbà náà pé ó dára kí raketa parun.

Àwọn tó kàwé náà ti ń jí. Ní 1915, ọwọ́ tẹ ẹgbẹ́ Vy Vato Sakelika, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n. Jean Ralaimongo tó bá Faransé ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́ padà wá, ó ń béèrè pé kí ará Madagásíkà di ọmọ Faransé ní ẹ̀tọ́. Wọn kò dá a lóhùn, ohùn náà wá yí sí òmìnira. Ní 1942 Gẹ̀ẹ́sì gba Diego-Suarez lọ́wọ́ ìjọba Vichy ti Faransé, àwọn Málágásì sì rí Faransé tó fi ẹnu gbolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ogun fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó tún tà á fún un lówó gọbọi.

Òfin fagi lé iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ abẹ́ Faransé ní oṣù kẹrin 1946. Síbẹ̀, ní alẹ́ 29 oṣù kẹta 1947, ìlà-oòrùn dìde, láti Moramanga dé Manakara, àwọn ènìyàn tó di ọ̀kọ̀ àti àdá mú, tí wọ́n gbà pé oògùn àwọn ombiasy á sọ ọta ìbọn di omi. Ní oṣù karùn-ún, ní Moramanga, àwọn sójà yìnbọn sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tì mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Iye àwọn tó kú ṣì ń fa ìjà: àwọn ológun Faransé kọ́kọ́ kọ 89,000, ìjọba wá sọ ọ́ di bí 11,000, Jean Fremigacci kà á sí 30,000 sí 40,000, ebi àti àìsàn inú igbó ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n dájọ́ ikú fún Ravoahangy àti Raseta, tí í ṣe aṣòfin MDRM, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń béèrè òmìnira, wọ́n ní kí Rabemananjara ẹlẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀wọ̀n títí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fi ẹ̀rí gidi hàn pé àwọn ló pàṣẹ ìdìde náà. Wọn kò pa wọ́n. Òmìnira dé ní 26 oṣù kẹfà 1960, Ààrẹ Tsiranana sì kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wálé ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Owó orí ni kò bá òyìnbó lọ. Ní 1971, ní gúúsù tí raketa ti parun, nígbà tí màlúù tún ń kú, àwọn agbowó orí Tsiranana dé. Monja Jaona, tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ 1947, ló kó àwọn àgbẹ̀ dìde, ìjọba sì fi ìbọn dá wọn lóhùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Antananarivo lé Tsiranana kúrò lórí àlééfà, ìjọba Ọ̀gágun Ramanantsoa sì fagi lé owó orí àti owó màlúù.